Stíìkì lára tẹlifíṣọ̀n: bí ẹ ṣe lè tò ó ní Ifẹ̀ tí kò fi ní máa kú lójijì, tí kò sì ní jẹ dátà gbẹ

Stíìkì ni nǹkan kékeré tí a ń ki sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kí a lè fi wo fíìmù látorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń tàn tó ń kú, tó tún ń tàn tó ń kú, ohun tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹ mú sùúrù ná, kí ẹ tó gbé e padà sí Lágere. Ebi iná ló sábà máa ń pa á. Bí kì í bá ṣe ebi iná, wáífáì tí kò rí ni. Bí méjèèjì bá sì dára, ó ku dátà, ìyẹn ló sì ń dun àpò jù. A kọ èyí fún ẹni tó ń gbé Ilé-Ifẹ̀, tó ní tẹlifíṣọ̀n àti fóònù tó lè ṣe hotspot, tó fẹ́ máa wo YouTube, Netflix àti ìròyìn láìra díìṣì. Ará Iléṣà náà lè lò ó, ọ̀rọ̀ iná àti nẹ́tíwọ̀kì wọn kò kúkú yàtọ̀ sí tiwa. Fire TV Stick ti Amazon la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Níbi tí ti Google, ìyẹn Chromecast, bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ yí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wò. Ihò HDMI rí pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ lókè, igun rẹ̀ méjèèjì gé wọnú nísàlẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ HDMI sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ìpínrọ̀ méjì tó tẹ̀lé èyí kò kàn yín.

Bó bá jẹ́ ihò pupa, funfun àti yẹ́lò nìkan lẹ rí, ìyẹn ihò AV, ẹ máa ra converter, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń ṣòfò. Àpótí kékeré méjì ni wọ́n ń tà, wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n jọra bí ìbejì. Wọ́n kọ HDMI2AV sórí ọ̀kan, wọ́n kọ AV2HDMI sórí èkejì. HDMI2AV lẹ fẹ́: òun ló ń gba àwòrán lọ́wọ́ stíìkì, tó ń gbé e fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Èkejì ń gba AV wọlé ni, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí i po tí yóò ṣe iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́. Nítorí náà, ẹ má kàn sọ fún ọlọ́jà pé ẹ fẹ́ converter. Ẹ sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń gba HDMI wọlé, tó ń gbé AV jáde ni mo fẹ́ o,” kí ẹ sì fi ojú ara yín ka ohun tí wọ́n kọ sí i kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Converter yìí ní wáyà iná tirẹ̀, kò lè jẹun lára stíìkì. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan sì wà nínú wọn tí kò mọ HDCP, ìyẹn títì tí àwọn oníléeṣẹ́ fíìmù fi ń dènà àdàkọ. Lórí irú wọn, YouTube á máa lọ geere, Netflix á sì dúdú kirikiri. Ẹ dán Netflix wò níṣojú ẹni tó tà á.

Stíìkì tọ́kùnbọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Fire TV Stick àkọ́kọ́ jáde ní 2014. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, Netflix kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó jáde ní 2016. Google kò ṣe Chromecast mọ́ láti 2024. Èyí tó ní rìmóòtù tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Chromecast with Google TV, ṣì wúlò dáadáa. Èyí tó rí rogodo tí kò ní rìmóòtù, inú fóònù lẹ ó ti máa ti gbogbo nǹkan sí i, kò sì dára fún ilé tí ìyá àgbà fẹ́ máa dá wo tirẹ̀.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Ẹ wọ Settings, ẹ wá My Account, èyí tó jẹ́ Account & Profile Settings lórí àwọn tuntun, kí ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíì, kí ó tẹ Deregister lójú yín. Bí kò bá lè ṣe é, stíìkì náà lè ní olówó tó ń wá a. Ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ ṣọ́ra fún “mo ti kó gbogbo ìkànnì ayé sínú ẹ̀”. Áàpù tí a kò mọ ẹni tó ṣe é ni, orí stíìkì kan náà sì ni password Netflix àti Google yín máa wà. Fire TV Stick 4K Select tó jáde ní 2025 kò tiẹ̀ gbà á rárá: Vega ni ètò inú rẹ̀, kò sí ààyè fún áàpù tí a fọwọ́ kó wọlé láti ìta. Ẹni tó bá ní òun á bá yín kó o sí i, ẹ bi í léèrè bó ṣe fẹ́ ṣe é.

Iná ni kókó

Tẹlifíṣọ̀n ní ihò USB, stíìkì ní wáyà USB, ojú ẹni á sì fà sí i pé kí a so wọ́n pọ̀, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì lè ṣẹ́ kù. Ẹ má ṣe é. USB 2.0 tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, 0.5A ni wọ́n ṣe é láti fúnni. USB 3.0, 0.9A ni. Stíìkì sì ń fẹ́ 5V, 1A ó kéré tán. Chromecast with Google TV oní-4K fẹ́ tó 1.5A. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ̀nba iná yẹn á tó o. Ìgbà tó bá ń ṣe fíìmù, tí wáífáì àti ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ló máa wá èyí tó kù tì.

Ẹ jókòó síwájú rẹ̀ kí ẹ wò ó. Àmì fire tv á yọ, á dúró díẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú. Àmì náà á tún yọ bí ẹni pé kò tíì yọ rí. Tàbí kó wọlé dáadáa, ẹ yan fíìmù, ó ṣe ìṣẹ́jú méjì, ó padà síbi àmì. Ìgbà mìíràn á tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná tí òun ń rí kò tó. Ẹ yọ ọ́ lára tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ kì í bọ ṣájà gidi.

Kí ni ṣájà gidi? Ẹ gbé e sún mọ́ ojú, ẹ ka ìwé wínníwínní ara rẹ̀. Níwájú OUTPUT, 5V 1A tàbí 5V 2A ni kó wà níbẹ̀. 2A kò ní jó stíìkì, ìwọ̀n tó bá fẹ́ ló máa fà. Bó bá jẹ́ 0.5A, ti fóònù kékeré olórí tọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ẹ tún wo iwájú INPUT: bó bá jẹ́ 100-240V, kódà kó jẹ́ ṣájà Amẹ́ríkà ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì, kò nílò stepdown kankan. Àdápítọ̀ tó máa sọ ọ́ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti tó. Wáyà inú páálí rẹ̀ ni kí ẹ lò. Wáyà gígùn tínínrín tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa ń jẹ lára iná kó tó dé ìdí.

Iná tó lọ sílẹ̀ kò kúkú jẹ́ nǹkan fún irú ṣájà bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dé pẹ̀lú agbára, tí gílóòbù á kọ yànràn, òun ni ká máa sá fún. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ yọ ọ́. Bí wọ́n bá mú un dé, ẹ jẹ́ kó dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní alẹ́ tí kò síná ńkọ́? Stíìkì kò jẹ ju bíi 3W lọ, MiFi, ìyẹn ráútà kékeré tó ní bátìrì, ń jẹ bíi 4W. Power bank 20,000mAh tó jẹ́ ojúlówó ní nǹkan bíi 74Wh nínú. Tí a bá yọ èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, á kù bíi 55, ó sì lè gbé àwọn méjèèjì fún wákàtí méje sí mẹ́jọ. Tẹlifíṣọ̀n ló kù o: LED oní-32 ínǹṣì ń jẹ tó 50W, ìyẹn ti di ti inverter.

Títò rẹ̀, ní ìtẹ̀léra

1. Ẹ ki bátìrì AAA méjì sí rìmóòtù. Tuntun ni kó jẹ́. Bátìrì tó ti rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ rò pé rìmóòtù ti bàjẹ́.

2. Nínú páálí, ẹ ó rí wáyà HDMI kúkurú kan, ìka méjì sí mẹ́ta ni gígùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù ú nù. Ẹ fi so stíìkì mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n gbóná, irin sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí stíìkì bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pátápátá, ooru á mú un, wáífáì rẹ̀ á sì rọ. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

3. Ẹ ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹ tẹ Source tàbí Input, kí ẹ yan HDMI tó bá nọ́ńbà ihò náà mu. Tí ojú bá dúdú síbẹ̀, ẹ gbìyànjú ihò kejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú.

4. Ó máa ní kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan lórí rìmóòtù. Bí kò bá gbọ́, ẹ di Home mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

5. Ẹ yan English, lẹ́yìn náà ẹ yan wáífáì yín. Bó bá jẹ́ hotspot ni, ẹ kọ́kọ́ ka apá tó wà nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há.

6. Ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe update fúnra rẹ̀. Èyí lè jẹ tó 1GB, nítorí náà ẹ má fi dátà 500MB bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ má yọ iná rẹ̀ lágbede méjì. Bẹ́ẹ bá mọ̀ pé wọ́n máa ń mú iná lọ láago kan pàtó ládùúgbò yín, ẹ gbé e sórí power bank kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

7. Kóòdù kan á yọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi fóònù ṣí amazon.com/code, ẹ wọ àkáǹtì yín, ẹ tẹ kóòdù náà sí i. Ọ̀fẹ́ ni àkáǹtì, kò pọn dandan kí ẹ san owó Prime. Bó bá bi yín bóyá kí òun fi password wáífáì pamọ́ sọ́dọ̀ Amazon, ẹ tẹ No. Ti Google, áàpù Google Home lórí fóònù lẹ ó fi ṣe èyí, ẹ ó fi kámẹ́rà wo àwòrán onígun mẹ́rin tó bá yọ.

8. Ẹ wa YouTube àti Netflix látinú Appstore. YouTube á fún yín ní kóòdù tí ẹ ó tẹ̀ sí yt.be/activate. Ti Netflix, netflix.com/tv8 ni. Ó rọrùn púpọ̀ ju kí ẹ máa fi rìmóòtù tẹ password lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ lè wo Channels, TVC News àti Arise lójú ẹsẹ̀ lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù Yorùbá kún ibẹ̀ bámúbámú. Fún àgbàlagbà inú ilé, ẹ gbé YouTube síwájú gbogbo áàpù: ẹ dúró lórí rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì onílà mẹ́ta, ẹ yan Move. Ẹ má retí kí Alexa, ètò tó ń gbọ́ àṣẹ ẹnu lórí stíìkì, gbọ́ orúkọ fíìmù Yorùbá tí ẹ bá fẹnu pè. Ẹ fi áàpù Fire TV orí fóònù tẹ̀ ẹ́, láìfi àmì ohùn sí i.

Hotspot àti ògiri

Wáífáì ọ̀nà méjì ló wà, 2.4GHz àti 5GHz. 5GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri ń tètè dá a dúró. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Ìlódè, Ìrẹmọ tàbí Mọ̀ọ̀rẹ̀, tí ògiri rẹ̀ nípọn, 2.4GHz ló yẹ ẹ́. Ẹni tó wà ní yàrá kan ṣoṣo, tí ráútà sì wà níwájú rẹ̀, kó lo 5GHz.

Bí stíìkì bá ní òun kò rí hotspot yín, ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò hotspot lórí fóònù Android, ẹ wá Band, ẹ yí i sí 2.4GHz. Lórí iPhone, Maximise Compatibility lẹ ó tàn. Bí ráútà ni, tí fóònù rí i, tí stíìkì kò rí i, ẹ wo Channel rẹ̀. Stíìkì tó ti Amẹ́ríkà wá lè má rí Channel 12 àti 13. Ẹ gbé e sí 1, 6 tàbí 11.

Hotspot fóònù tún máa ń pa ara rẹ̀ nígbà tí kò bá rí ẹni tó so mọ́ ọn. Ẹ pa ètò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí a fẹ́ràn: bí ráútà àti fóònù méjì bá wà nílé, ẹ fún gbogbo wọn ní orúkọ kan náà àti password kan náà. Èyí tó bá tàn lára wọn ni stíìkì máa bá lọ, kò sí pé ẹ tún ń tẹ password nínú òkùnkùn.

MiFi, ojú fèrèsé ni kó wà, kì í ṣe lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé e káàkiri ilé kí ẹ tó yan ibi kan. Láti mọ bó ṣe ń sáré tó, ẹ wọ Settings, Network, ẹ dúró lórí orúkọ wáífáì, kí ẹ tẹ Play/Pause. Netflix ń fẹ́ 3Mbps fún 720p, 5Mbps fún 1080p, 15Mbps fún 4K. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí gbogbo ilé ń lo nẹ́tíwọ̀kì. Ti alẹ́ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Dátà

Lórí Netflix, wákàtí kan lè jẹ tó 1GB bí àwòrán kò bá mọ́ púpọ̀, tó 3GB bó bá jẹ́ HD, tó 7GB bó bá jẹ́ 4K. Fíìmù wákàtí méjì ní HD nìyẹn, 6GB ti lọ. Bí ẹ kò bá ṣètò rẹ̀, èyí tó mọ́ jù tí nẹ́tíwọ̀kì bá lè gbé ni stíìkì máa mú, kò mọ̀ pé ẹ̀ ń ka MB.

Ẹ wọ Settings, Preferences, Data Monitoring, ẹ tàn án. Nínú Set Video Quality, ẹ yan Good, ìyẹn tó kéré jù. Lórí tẹlifíṣọ̀n 32 ínǹṣì, láti orí àga, kì í ṣe gbogbo ojú ló máa mọ ìyàtọ̀. Ẹ lè fi ìwọ̀n kan síbẹ̀ tó máa kìlọ̀ fún yín, ẹ ó sì rí áàpù tó ń jẹ dátà jù. Lórí ti Google, Data Saver ni, ó wà lábẹ́ Network & Internet.

Ohun méjì mìíràn ń jẹ ní kọ̀rọ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ máa ń ṣe fídíò ìpolówó fúnra rẹ̀: Preferences, Featured Content, ẹ pa Allow Video Autoplay. Áàpù máa ń ṣe update láìbéèrè: Applications, Appstore, ẹ pa Automatic Updates, kí ẹ wá máa fọwọ́ ṣe é lóṣooṣù níbi tí wáífáì ọ̀fẹ́ bá wà. Lórí YouTube, ẹ fọwọ́ yan 480p, kí ẹ sì pa Autoplay, nítorí ẹni tó bá sùn sídìí rẹ̀ lè jí bá dátà òfo.

Bó bá ṣe báyìí

Ó há, kò gbọ́ rìmóòtù mọ́: ẹ di bọ́tìnnì àárín àti Play/Pause mú pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó máa pa ara rẹ̀, á sì tún tàn. Bí èyí kò bá ràn án, ẹ yọ iná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ohùn ń jáde, àwòrán kò sí, pàápàá lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tàbí converter: ó lè jẹ́ pé àwòrán tí stíìkì ń gbé jáde ti tóbi ju èyí tí tẹlifíṣọ̀n lè kà. Ẹ di Up àti Rewind mú pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìwọ̀n àwòrán padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró títí èyí tó hàn á fi yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Display & Sounds, ẹ fi 720p lélẹ̀.

Etí àwòrán gé, tí orúkọ tó wà lókè kò hàn tán: Display & Sounds, Display, Calibrate Display.

Ó ń yí róbótó, tí Network sì ní 5Mbps wà: ẹ fọwọ́ kan stíìkì. Bó bá gbóná débi pé ẹ fẹ́ yọwọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ sì gbé e kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Bó bá tutù, ẹ wọ Applications, ẹ yan áàpù náà, ẹ tẹ Clear cache. Ẹ má tẹ Clear data, ìyẹn á pa orúkọ àti password yín rẹ́.

Rìmóòtù sọnù: áàpù Fire TV á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù àti stíìkì gbọ́dọ̀ wà lórí wáífáì kan náà. Bí fóònù yín bá jẹ́ èyí tó ń ṣe hotspot, ẹ yá fóònù ẹlòmíì tí ẹ ó so mọ́ hotspot náà, kí ẹ sì fi áàpù sórí rẹ̀. Bí rìmóòtù bá wà, àmọ́ tí Settings kò ṣí mọ́, ẹ di Back àti apá ọ̀tún bọ́tìnnì roboto mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á bi yín bóyá kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bẹ́ẹ bá gbà, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin, kí ẹ sì ní 1GB lọ́wọ́.